Ìyàwó ṣọ́jà fẹ́ẹ́ di lọ́yà l'Amẹ́ríkà, ọkọ ẹ̀ ní kó dúró di 2034

 Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn ni mo ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Texas l'Amẹ́ríkà ni iná ẹ̀ ti ń jó. Obìnrin kan tí mo máa ń ra léèsì lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jà náà ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohùn àbúrò mi yìí, kẹ́ ẹ bá mi dá sí i. Ẹ̀rù ń bà mí kílé ọmọ náà má tú." Ló bá tẹ fóònù, ohùn obìnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde látinú WhatsApp, ohùn ẹni tó ti sunkún tán kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó tún un fi sí i. Nígbà tí mo délé, mo pe obìnrin náà fúnra mi, a sì jọ sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí méjì. Ó ní kí n kọ ọ́, kí n ṣáà má dárúkọ òun, nítorí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yìí pọ̀ nínú mọ̀lẹ́bí ọkọ òun. Orúkọ ò sí níbẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún rèé.

Ṣọ́jà Amẹ́ríkà lọkọ ẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tiwa sì ni. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Lópin ọdún 2008 nìjọba Amẹ́ríkà kéde ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI, tí wọ́n fi ń gba àwọn àlejò tí kò tíì ní gíríìnkáàdì síṣẹ́ ológun, bí wọ́n bá jẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, tàbí tí wọ́n bá gbọ́ èdè táwọn ológun náà nílò. Èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè ọ̀hún, Haúsá àti Ìgbò náà sì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa kan tó lọ kàwé lọ́hùn-ún gbabẹ̀ wọlé, wọ́n sì gbabẹ̀ di ọmọ Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ẹ̀ ní 2016. Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí wọlé ní 2014. Nígbà tó fìdí múlẹ̀ tán, ó wá sílé wá fẹ́yàwó, ó sì mú un lọ.

Obìnrin náà ti kàwé jáde níbí kó tó lọ. Lọ́yà ló sì fẹ́ẹ́ ṣe láti kékeré. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí: ó kọ Law sínú fọ́ọ̀mù JAMB, máàkì ẹ̀ ò tó, yunifásítì fún un ní kọ́ọ̀sì mìíràn, bàbá ẹ̀ sì ní kó gbà á bẹ́ẹ̀, pé ìwé nìwé ń jẹ́. Ó kà á jáde, ṣùgbọ́n ọkàn ẹ̀ ò kúrò níbi ọ̀rọ̀ lọ́yà. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, Kansas ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, nítòsí báráàkì Fort Riley. Ó ní òun fẹ́ẹ́ lọ kàwé òfin, ọkọ ní káwọn bímọ ná. Wọ́n bí ọ̀kan. Ó tún sọ ọ́, ọkọ ní tíránsífà ń bọ̀. Tíránsífà dé lóòótọ́, ó gbé wọn lọ sí Texas, nílùú Killeen tí báráàkì ńlá Fort Hood wà. Wọ́n bí ìkejì. Ó tún sọ ọ́, ọkọ ní tíránsífà míì lè dé nígbàkígbà. Èyí tó wá sọ kẹ́yìn yìí, ọkùnrin náà jókòó, ó ní: "Mo wọṣẹ́ ní 2014. Ogún ọdún ni mo fẹ́ẹ́ lò kí n lè gba owó ìfẹ̀yìntì mi. Tó bá di 2034, a ó wà lójú kan, ìwọ náà á wá lọ kàwé ẹ."

Ìyá ọkọ náà ò sì dákẹ́. Láti Òṣogbo níbí ló ti gba orí fóònù wọlé, ó ní ìyàwó tó bá ní òun ń lọ síléèwé nílùú tí ọkọ ò sí, ọkọ mìíràn ló fẹ́ẹ́ lọ wá.

"Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo wà yìí, Àǹtí," bó ṣe sọ fún mi nìyẹn. "Tó bá fi di 2034, mo ti lé lógójì. Ìgbà wo ni mo fẹ́ẹ́ kà á tán? Ta ló máa wá gbà mí síṣẹ́?"

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ́ pé ọkùnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó ń bẹ̀rù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ológun Amẹ́ríkà kì í pẹ́ níbì kan, láàárín ọdún méjì sí mẹ́rin wọ́n ti gbé e kúrò. Bẹ́ẹ̀ ìwé òfin lọ́hùn-ún kò rí bíi tiwa. Níbí, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé girama lè wọlé kọ́ òfin fún ọdún márùn-ún, lẹ́yìn náà kó lọ sí Law School ní Bwari tàbí ẹ̀ka rẹ̀ mìíràn. L'Amẹ́ríkà, èèyàn gbọ́dọ̀ ti gba dìgírì kan ná kó tó lè wọlé, ọdún mẹ́ta gbáko ló sì fi ń kà á, tàbí bíi mẹ́rin bó bá jẹ́ tàwọn tó ń lọ nírọ̀lẹ́ nítorí iṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ìwé, ọdún mẹ́ta tíránsífà. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì ò bá rìn pọ̀, ọ̀kan á gbé ìkejì ṣubú.

Ìyá mi gan-an rí irú ẹ̀. Ọlọ́pàá ni bàbá mi, ìyá mi sì ń kàwé olùkọ́ Grade Two lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbé bàbá mi kúrò ní Ṣakí lọ sí Ọ̀wọ̀. Ọdún kan péré ló kù fún un. Gbogbo ẹbí ní kó kó ẹrù ẹ̀, kó tẹ̀lé ọkọ. Ó kó o. Ọdún mọ́kànlá kọjá kó tó padà sídìí ìwé yẹn, èmi ni mo sì máa ń pọn àbúrò mi nígbà tó bá ń kàwé lóru. Ó parí ẹ̀ o, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀gá iléèwé nígbà yẹn, òun wá ń kí wọn ní "ẹ káàárọ̀ mà." Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ "dúró ná" lẹ́nu ọkọ, mo máa ń béèrè pé dìgbà wo, kí ló sì máa yàtọ̀ nígbà náà.

Ní ti ọkùnrin yìí, ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá mọ̀ ọ́n ni, kò ní í sọ pé kìyàwó òun dúró dìgbà ìfẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ owó ni.

Ìjọba Amẹ́ríkà ní owó ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń fún ṣọ́jà, GI Bill lorúkọ ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò fáwọn tòde òní, Post-9/11 GI Bill, 2009 ló bẹ̀rẹ̀. Oṣù 36 ni wọ́n fi ń san owó ìwé fún ẹni tó bá gbà á lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Bí ṣọ́jà náà ò bá fẹ́ẹ́ lò ó fúnra ẹ̀, ó lè fún ìyàwó ẹ̀ tàbí àwọn ọmọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó lè fún wọn, ó gbọ́dọ̀ ti lo ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, kó sì fọwọ́ sí i pé òun á tún lo ọdún mẹ́rin sí i. Pabanbarì ẹ̀ ni pé inú iṣẹ́ ló ti gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ti bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀ kó tó rántí pé òun fẹ́ẹ́ fún ìyàwó òun, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ṣé ẹ wá rí i báyìí? Ọkùnrin yìí ti lo ju ọdún mẹ́fà lọ. Ọdún mẹ́rin tí wọ́n ní kó fi kún un, ó kúkú fẹ́ẹ́ lò ó tẹ́lẹ̀ nítorí owó ìfẹ̀yìntì, bó bá sì fọwọ́ sí i báyìí, kò ní í mú un kọjá 2034 tó ń wí. Bó bá wá jókòó di 2034 láìfọwọ́ sí nǹkan kan, tó wá ní kíyàwó lọ síléèwé, àpò ara wọn ni wọ́n á ti san án. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń gbà níléèwé òfin Amẹ́ríkà á mọ̀ pé kì í ṣe owó táwọn tó ní ọmọ méjì ń kó jọ nídìí owó oṣù ṣọ́jà. Bí iléèwé náà bá jẹ́ tìjọba ìpínlẹ̀, owó yìí lè san gbogbo owó ìwé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ìpínlẹ̀. Tó bá jẹ́ ti aládàáni, iye tí wọn kì í kọjá wà lọ́dọọdún.

Nígbà tí mo sọ èyí fún obìnrin náà, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé owó náà wà, ṣùgbọ́n ọkọ òun ti ní àwọn ọmọ lòun tọ́jú ẹ̀ fún. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀ fún un. Ọdún ìwé kan níléèwé òfin máa ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ọdún mẹ́ta, oṣù 27 nìyẹn. Mú un kúrò nínú 36, ó ku mẹ́sàn-án fáwọn ọmọ. Ohun míì tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ṣọ́jà kì í gbọ́: bó bá ti fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní oṣù kan, ó kéré tán, kó tó kúrò níṣẹ́, ó ṣì lè yí i padà láàárín wọn lẹ́yìn tó bá fẹ̀yìn tì. Ẹni tí kò bá fún ní nǹkan kan nígbà náà, kò lè fún un mọ́.

Mi ò ní í fi apá kejì pamọ́. Ọkọ ló ni owó náà, bó bá sì yí ọkàn padà, ó lè gba èyí tó kù lọ́wọ́ ìyàwó. Bẹ́ẹ̀ sì ni owó ilé tí wọ́n máa ń san mọ́ ọn lóṣooṣù, wọn kì í fún ìyàwó níwọ̀n ìgbà tí ọkọ bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan tún máa sọ fún un pé owó ìyàwó ṣọ́jà mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní MyCAA. Ó wà lóòótọ́, 4,000 dọ́là ni, ṣùgbọ́n sàtífíkéètì iṣẹ́ ọwọ́ àti irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló wà fún, kì í ṣe ìwé lọ́yà. Kó má fi ọjọ́ kankan ṣòfò lórí ẹ̀.

Ó yá, ìgbà wo ló wá yẹ kó bẹ̀rẹ̀? Ibí lọ̀rọ̀ ti dùn.

Àwọn èèyàn rò pé ìgbà tó burú jù fún tíránsífà láti dé ni ìgbà tí ìwé bá ti fẹ́ẹ́ parí. Irọ́ ni. Ẹni tó bá ti lo ọdún méjì, tí tíránsífà wá gbé ọkọ ẹ̀ lọ, lè bẹ iléèwé tó wà nílùú tuntun pé kí wọ́n jẹ́ kóun ka ọdún kẹta lọ́dọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí àlejò. Bí iléèwé méjèèjì bá gbà, iléèwé àkọ́kọ́ ló ṣì máa fún un níwèé ẹ̀. Ẹni tó bá parí ọdún kìíní pẹ̀lú máàkì tó dáa lè kó ìwé ẹ̀ lọ síléèwé mìíràn pátápátá, kó di ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ àárín ọdún kìíní, wàhálà ló kó sí. Àwọn kọ́ọ̀sì ọdún náà so kọ́ra, iléèwé míì kì í sì í fẹ́ẹ́ gba ìdajì. Ó lè ní kí wọ́n bá òun dá ààyè òun dúró ná, nítorí òfin ABA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà tó ń fọwọ́ síléèwé òfin, fún akẹ́kọ̀ọ́ ní oṣù 84 láti parí, ọdún méje nìyẹn. Ọdún méje tó láti fara da tíránsífà méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá a dúró lọ́dún kìíní, ṣé ẹ mọ̀ pé kì í rọrùn fún un láti padà? Ẹ bi ìyá mi.

Nítorí náà, oṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n bá dé ìlú tuntun ló dáa jù láti wọlé, kì í ṣe ọdún kejì níbẹ̀. Obìnrin yìí ti lo ọdún méjì ní Killeen, tíránsífà lè dé kí ọdún tó yípo. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kó má jókòó de tíránsífà kó tó ṣe ìdánwò. Ìdánwò tí wọ́n fi ń wọlé, LSAT, èsì ẹ̀ ń wúlò fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Kó ṣe é báyìí, kó tọ́jú èsì ẹ̀. Ìwé ẹ̀ tó gbà níbí náà gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ṣe LSAT kọjá kí wọ́n lè wò ó bóyá ó bá dìgírì tiwọn mu, èyí sì túmọ̀ sí pé yunifásítì ẹ̀ níbí ló máa fi transcript ránṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọrọ transcript rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Dùgbẹ̀ pé kó palẹ̀ mọ́, òun ló máa lọ jókòó tì wọ́n.

Bó bá ṣe ìyẹn tán, nǹkan bí oṣù September ni ọ̀pọ̀ iléèwé máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba fọ́ọ̀mù, fún ẹ̀kọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ ní August tó tẹ̀ lé e. Kó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ síléèwé Texas, kó sì fi ránṣẹ́ sáwọn tó wà nítòsí ibi tí ọkọ ẹ̀ bá ní òun fẹ́. Wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ṣọ́jà pé ibo ló wù ú, bí kò tilẹ̀ pọn dandan kí wọ́n ṣe é. Bí tíránsífà bá dé kí August tó dé, kó tẹ̀ lé e lọ síléèwé tó wà níbẹ̀. Bí kò bá dé, kó wọlé ní Texas. Ọdún kan péré ni mo fún tíránsífà láti fi ọ̀ràn wọn falẹ̀, mi ò fún un ní 2034.

Ẹ gbọ́ nǹkan míì tó máa fọkàn ẹ̀ balẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní 2008 sọ pé yunifásítì ìjọba kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọmọ ìpínlẹ̀ lọ lọ́wọ́ ṣọ́jà tí wọ́n gbé wá síbẹ̀, àti ìyàwó ẹ̀, àtọmọ ẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbé ọkọ kúrò nípìnlẹ̀ náà, ìyàwó tó ti wọlé á ṣì máa san owó kan náà níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti dá ìwé ẹ̀ dúró. Ìyẹn ni pé bí tíránsífà bá dé, wọn ò lè torí ẹ̀ fi owó lé owó fún un.

Ibo ló wá yẹ kó ti kà á? Kó tó wo iléèwé, ìpínlẹ̀ tó fẹ́ẹ́ ti ṣiṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ wò. Lọ́dọ̀ wa, lọ́yà tí wọ́n bá ti pè sí Bar l'Ábújá lè gba ẹjọ́ rò láti Ṣókótó títí dé Bàyélsà. L'Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìdánwò àti ìwé àṣẹ tiẹ̀. Lọ́yà Texas kò lè kàn dédé dìde ní kóòtù California. Tẹ́lẹ̀, ìyàwó ṣọ́jà tí wọ́n ń gbé kiri máa ń ṣe ìdánwò bí ẹni tó ń yípo, ó ń sanwó, ó ń kàwé ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá yege tán, tíránsífà ti dé. Nítorí ìyà yìí làwọn ìyàwó ṣọ́jà tó jẹ́ lọ́yà ṣe dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2011, Military Spouse JD Network. Wọ́n ń lọ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ìyàwó ṣọ́jà tó ti ní ìwé àṣẹ níbì kan máa ṣiṣẹ́ láìtún ṣe ìdánwò. Idaho ló kọ́kọ́ gbà, ní 2012. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ti tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọjá ìgbà tí ọkọ bá fi wà níbẹ̀.

Ìdánwò kan tún wà tó ń jẹ́ UBE, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jọ ń lò. Texas wọ inú ẹ̀ ní 2021. Ẹni tó bá ṣe é níbì kan lè gbé máàkì ẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn tó ń lò ó, bí máàkì náà bá tó tiwọn, tí kò sì tíì pẹ́ jù. California kò sí nínú UBE yìí. Láti July 2026 ni wọ́n ti là á kalẹ̀ pé kí àwọn ìpínlẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo tuntun tí wọ́n ń pè ní NextGen, nítorí náà kó béèrè èyí tí ìpínlẹ̀ ẹ̀ ń ṣe kó tó ra ìwé. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló sì dùn jù fún irú wọn: lọ́yà ìjọba àpapọ̀ tó bá ti ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn ló lè ṣe níbikíbi tí wọ́n bá gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà wá ńkọ́? Báráàkì pọ̀ tó jẹ́ pé iléèwé òfin jìnnà sí i. Ní Killeen tí obìnrin yìí wà, yunifásítì Baylor wà ní Waco lápá kan, yunifásítì Texas wà l'Austin lápá kejì, èyíkéyìí tó bá sì mú nínú wọn, ọ̀nà ẹ̀ tó nǹkan bíi wákàtí kan ní mọ́tò. Bí ẹni tó ń ti Ìbàdàn lọ s'Abẹ́òkúta lójoojúmọ́ ni. Ó ṣeé ṣe, àwọn kan ń ṣe é, ṣùgbọ́n olọ́mọ méjì ni. Bí wọ́n bá gbé ọkọ ẹ̀ lọ s'El Paso, ní Fort Bliss, kò síléèwé òfin kankan nílùú náà rárá. Bó bá jẹ́ Hawaii, yunifásítì ìpínlẹ̀ náà ní ẹ̀kọ́ òfin tìrọ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ agbègbè Washington, kó dúpẹ́, nítorí iléèwé tìrọ̀lẹ́ pọ̀ níbẹ̀, Georgetown wà lára wọn.

Èyí tí mo fẹ́ kó wò dáadáa ni ti orí kọ̀ǹpútà. Láti 2015 niléèwé kan ní Minnesota ti ń kọ́ni ní òfin, ìdajì lórí kọ̀ǹpútà, ìdajì lójúkojú, pẹ̀lú àṣẹ ABA. Ní 2022, St. Mary's ní San Antonio, Texas kan náà yìí, bẹ̀rẹ̀ èyí tó jẹ́ orí kọ̀ǹpútà látòkèdélẹ̀, àwọn sì ni àkọ́kọ́ tí ABA fọwọ́ sí. Ìyàwó ṣọ́jà lè gbé ìyẹn tẹ̀lé ọkọ lọ síbi tó bá ń lọ. Kó ṣáà kọ́kọ́ bi àwọn tó ń ṣe ìdánwò ní ìpínlẹ̀ tó fẹ́ẹ́ ti ṣiṣẹ́ bóyá wọ́n á gbà á, kó tó san kọ́bọ̀. Kó sì sá fún àwọn iléèwé orí kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú tí ABA ò fọwọ́ sí. Irú wọn pọ̀ ní California, ẹni tó bá jáde níbẹ̀ lè ṣe ìdánwò California, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù ò ní í jẹ́ kó jókòó sínú gbọ̀ngàn ìdánwò tiwọn. Ìyàwó ṣọ́jà tí kò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e lọ lọ́dún tó ń bọ̀ kọ́ ló yẹ kó lọ gba irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Kí n tó gbàgbé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹ́ lọ́yà níbí kẹ́ ẹ tó bá ọkọ lọ, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan ní kẹ́ ẹ lọ jókòó fún ọdún mẹ́ta láìwádìí. New York máa ń yẹ ìwé ẹni tó kọ́ òfin nílẹ̀ tó ń lo irú òfin gẹ̀ẹ́sì bíi tiwa wò, wọ́n sì lè jẹ́ kó ṣe ìdánwò wọn, tàbí kí wọ́n ní kó lọ gba LL.M. ọdún kan kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń bẹ̀rù pé ẹ ò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì kan tó fẹ́ ará Amẹ́ríkà ti bá yín ja ìjà yẹn. Connecticut ní àwọn ò ní í gbà á sẹ́gbẹ́ lọ́yà nítorí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Ó gbé wọn dé Supreme Court, ó sì borí ní 1973. Ẹni tó ní ìwé ìgbélùú, wọn ò lè torí ìyẹn nìkan lé e mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ. Mà á, mo kí yín o, ẹ kú ọjọ́ ogbó. Mo mọ̀ pé ọmọ yín lẹ̀ ń rò. Ṣùgbọ́n ṣọ́jà lọmọ yín, òun náà máa ń fi ìyàwó sílẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gbé e lọ s'Europe lọ́jọ́sí, ìyàwó yìí nìkan ló wà pẹ̀lú oyún àti ọmọ ọdún méjì, ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé ìyàwó mìíràn ló lọ wá. Bó bá di pé kí obìnrin náà lo ọdún kan péré níbi tọ́kọ ò sí kó lè parí ìwé, ṣé ìyẹn ló máa wá tú ilé? Mi ò sọ pé kò le o. Ó le gan-an. Mo mọ ilé tó tú lórí irú ẹ̀, mo sì mọ èyí tí kò tú. Àwọn tí tiwọn ò tú, wọ́n ti jọ fẹnu kò lórí ọjọ́ tí ìyàwó máa padà kó tó lọ rárá, wọ́n sì ti mọ ẹni tó máa wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Mà á, bẹ́ ẹ bá lè gba físà lọ bá wọn fún oṣù mẹ́fà lọ́dún kìíní yẹn, ọ̀rọ̀ náà á rọrùn fún gbogbo yín. Ẹ̀yin náà á sì rí Texas.

Àwọn ìyàwó ṣọ́jà kan ní ìgbà tí ọkọ bá lọ sẹ́yìn odi gan-an nìwé máa ń wọlé, nítorí kò sẹ́ni tí wọ́n máa se oúnjẹ alẹ́ fún. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n fún olọ́mọ méjì, mo ní kó má fi oṣù tí ọkọ máa lọ bẹ̀rẹ̀ ọdún kìíní. Kó jẹ́ ọdún kejì.

Lálẹ́ Tuesday tí mò ń kọ èyí lọ́wọ́, ó tún pè mí. Ó ní òun ti ka ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ yẹn sétí ọkọ òun, òun sì ti sọ fún un pé bí kò bá fọwọ́ sí i kó tó fẹ̀yìn tì, àtòun àtàwọn ọmọ, ẹnì kankan ò ní í rí i lò. Mo ní kí ló wá sọ? Ó ní kò sọ nǹkan kan, ó jẹun tán, ó jáde lọ wo mọ́tò. Nígbà tó wọlé padà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní bóun bá fún un ní ti ọdún mẹ́ta, oṣù mélòó ló máa kù fáwọn ọmọ?

"Kí lo fi dá a lóhùn?" mo bi í.

"Mo ní mẹ́sàn-án, Àǹtí. Ó ní kí n ránnún òun létí lọ́jọ́ Monday, kóun yà ní ọ́fíìsì wọn."